Wolé-wolé Tó Ka Ikọ́

Jókòó ná, kí n sọ ìtàn kan fún ọ kí n tó fèsì ọ̀rọ̀ rẹ. Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wolé-wolé. Ìlú kékeré kan ni ìjọba rán an sí, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Ó máa ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, ó máa ń yẹ ṣáláńgá wò, ó sì máa ń wo ẹran lórí àtẹ àwọn alápatà. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ohun mìíràn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn ni ìbéèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé báyìí ni nǹkan ṣe rí, yóò béèrè pé báwo la ṣe mọ̀. Òun náà a máa fa tábà. Bí ó bá ti jẹun ọ̀sán tán, yóò ki ìkòkò tábà rẹ̀, yóò jókòó sí pálọ̀, yóò sì máa fà á jẹ́jẹ́.

Ilé ìtẹ̀wé kan wà ní ìlú náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé orin àti ìwé kíkà àwọn ọmọ ilé-ìwé. Yàrá gígùn méjì ló ní. Ọgọ́rin obìnrin ló ń ká ìwé tí wọ́n sì ń dì í níbẹ̀, ogójì ní yàrá iwájú, ogójì ní yàrá ẹ̀yìn. Yàrá iwájú ni àwọn ọkùnrin tó ń to lẹ́tà wà pẹ̀lú wọn, àwọn ọkùnrin yìí a sì máa fa sìgá láti àárọ̀ títí wọn yóò fi ṣíwọ́. Fèrèsé ibẹ̀ kéré. Wọn kì í sì í fẹ́ ṣí i, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ ìwé káàkiri. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án yóò rí èéfín tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ àjà bí ìkúukùu.

Obìnrin kan wà nínú yàrá iwájú yìí tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ikọ́ náà kò sì lọ. Kò fa sìgá rí láyé rẹ̀. Nígbà tó di pé kò lè ká ogún ìwé láìdúró mí, Ìyá Olúṣẹ̀yẹ, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin náà, lọ bá ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé. Ó ní èéfín àwọn ọkùnrin ló ń pa àwọn lára. Ọ̀gá ní bí sìgá bá tilẹ̀ ń pa ẹnikẹ́ni lára, ẹni tó ń fà á ni, kì í ṣe ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní lásìkò ọyẹ́, ilé wo ni ikọ́ kò sí. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Nígbà tó yá, tọ̀tún tòsì gbà kí wọ́n pe wolé-wolé, nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ pé ó ń ṣègbè.

Inú wolé-wolé dùn sí iṣẹ́ náà. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kò fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé etí ara rẹ̀, nítorí pé òun náà ń fa tábà, ó sì mọ̀ pé ọkàn òun lè máa wá ọ̀nà tí èéfín kò fi ní jẹ̀bi. Ó bẹ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kó wá bá òun ṣe é. Wọ́n fi nọ́ọ̀sì náà sí yàrá kékeré kan, wọ́n sì ń mú àwọn obìnrin wọlé fún un lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ yàrá tí wọ́n ti wá. Ó ń gbọ́ àyà wọn, ó ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń sùn, ó sì ń kọ orúkọ ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é.

Kí wọ́n tó ṣí ìwé nọ́ọ̀sì wò, wolé-wolé ní kí ọ̀gá àti Ìyá Olúṣẹ̀yẹ jókòó. Ó ní bí ikọ́ bá tilẹ̀ pọ̀ ní yàrá kan ju èkejì lọ, ó lè jẹ́ àkọsẹ̀bá lásán, bí ìgbà tí ènìyàn bu ẹ̀wà nínú àpò tí pupa àti funfun wà pọ̀, tí ẹyọ pupa kàn pọ̀ sí i lọ́wọ́. Ó ní níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń béèrè: bí ó bá jẹ́ àkọsẹ̀bá ni, ẹ̀ẹ̀melòó nínú ọgọ́rùn-ún ni irú rẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀? Bí kò bá ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, a ó gbà pé ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó ní a kò tíì mọ̀. Àwọn méjèèjì ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣí ìwé. Ẹni méjìlá ló ń wúkọ́ ní yàrá iwájú, ẹni mẹ́fà ní yàrá ẹ̀yìn.

Ìyá Olúṣẹ̀yẹ ti dìde, ó ní ìlọ́po méjì nìyẹn. Wolé-wolé bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Ó ka ọgọ́rin ẹyọ ẹ̀wà sínú igbá kan, méjìdínlógún pupa, méjìlélọ́gọ́ta funfun. Ó ní pupa dúró fún àwọn tó ń wúkọ́, ogójì tí a bá sì ṣèèṣì kó jáde dúró fún yàrá iwájú. Ó da aṣọ bo igbá, ó pò ó, ó ní kí ọ̀gá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó ka ogójì jáde láìwò. Pupa mẹ́jọ ló jáde. Wọ́n dà á padà, wọ́n tún un pò. Ìyá Olúṣẹ̀yẹ ka tirẹ̀, mẹ́wàá ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gba igbá lọ́wọ́ ara wọn fún ọ̀sán méjì, tí nọ́ọ̀sì ń fa igi sínú ìwé, títí ó fi pé ọgọ́rùn-ún ìgbà. Bí pupa bá ti tó méjìlá, ojú Ìyá Olúṣẹ̀yẹ á rẹ̀, ojú ọ̀gá á sì tàn. Nígbà tí wọ́n parí, ìgbà mẹ́sàn-án ni pupa tó méjìlá tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mẹ́sàn-án sì ju márùn-ún lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé kan ti wà lára ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: A TI ṢE ÌWÁDÌÍ. ÈÉFÍN KÒ ṢE ẸNIKẸ́NI NÍ NǸKAN. Wolé-wolé kà á, ó sì wọlé tọ ọ̀gá lọ. Ó ní ìyẹn kọ́ ni ohun tí àwọn rí. Ohun tí àwọn rí ni pé àwọn kò tíì mọ̀. Ọ̀gá béèrè pé kí ni ìyàtọ̀ tó wà nínú méjèèjì.

Wolé-wolé ní, “Ẹni tó wá ewúrẹ́ rẹ̀ dé ìdí odi kan, tí kò rí i, ṣé ó lè ní òun kò ní ewúrẹ́ rí?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ìwé náà kò kúrò lára ilẹ̀kùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Olúṣẹ̀yẹ wá sí ilé wolé-wolé. Kò pariwo. Ó ní Àwẹ̀ró ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí abúlé wọn láàárọ̀, nígbà tó ka ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó sún ìlà náà díẹ̀, kó kúrò ní márùn-ún, kó di mẹ́wàá, mẹ́sàn-án á sì wọlé. Wolé-wolé ní kò ṣeé ṣe. Ó ní bí a bá sún ààlà oko lẹ́yìn tí a ti rí ibi tí iṣu ta sí, kì í ṣe ààlà mọ́.

Ìyá Olúṣẹ̀yẹ wò ó. “Ta ló tiẹ̀ fa ààlà yẹn? Kí ló dé tí kò fi jẹ́ mẹ́rin, tí kò fi jẹ́ méje?”

Ogún ọdún ni wolé-wolé ti ń lo ìlà yìí, kò béèrè rí. Òun tó ń bi gbogbo ayé pé báwo lẹ ṣe mọ̀. Obìnrin náà ṣí gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀gá kò kí i dáadáa, àwọn obìnrin kò sì kí i rárá. Kò bínú. Ìbéèrè náà ni kò jẹ́ kó sinmi. Ó kọ ìwé sí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, ẹni tó kọ́ ọ ní ìṣirò nílé-ẹ̀kọ́ àwọn wolé-wolé, tó ti di arúgbó, ó ní kó jọ̀ọ́, ta ló fa ìlà náà.

Bó ṣe ń retí èsì, ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá bá a ní ọ̀sán ọjọ́ kan lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní, “Bàbá Ìbídùn, ẹ ti ń jókòó síta fa tábà láti ọjọ́ tí ẹ ti ka ẹ̀wà. Ṣé inú ilé ti ń gbóná ni?”

Ó wo ìkòkò tábà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ọjọ́ kẹjọ nìyẹn tó ti ń gbé àga jáde. Kò mọ ìgbà tó pinnu bẹ́ẹ̀. Ó ti fi ẹnu sọ ní gbangba pé òun kò tíì mọ̀, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró de ẹnu. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú ọgọ́rùn-ún kò tó fún un láti dá èéfín lẹ́bi, síbẹ̀ ó ti pọ̀ jù fún un láti fi àyà ìyàwó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí tí tábà fi kú. Ó yà á lẹ́nu pé ìlà méjì ló wà nínú òun, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún ìṣe, òun kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Èsì olùkọ́ dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìwé náà kúrú. Arúgbó náà ní òun náà bá ìlà yẹn nílẹ̀ ni, ẹni tó kọ́ òun sọ pé ó rọrùn láti rántí, òun kò sì bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá fi kún un pé: “Ìlà náà ń sọ ohun tí o lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Kò sọ ohun tó yẹ kí o fi ọmọ ẹlòmíràn ṣe nígbà tí o ṣì ń ṣiyèméjì.”

Wolé-wolé mú ìwé yìí, ó gbé e lọ fún ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀gá fara balẹ̀ kà á tán. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì mú ìwé mìíràn jáde. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní ilé ìránṣọ ní ìlú kejì, irú ẹ̀sùn yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi kàn án, wolé-wolé ibẹ̀ sì ti ka ikọ́ tiwọn. Ó nàka sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: A kò rí nǹkankan. Ó ní ẹ̀rí di méjì, kò sí níhìn-ín, kò sì sí lọ́hùn-ún.

Wolé-wolé tọrọ àyè láti ka òkè ìwé náà. Nínú ọgbọ̀n obìnrin tó jókòó sínú èéfín, mẹ́sàn-án ń wúkọ́. Nínú ọgbọ̀n tí kò sí nínú èéfín, márùn-ún. Ó tún un kà. Nǹkan kan ta á nínú, bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ohùn tó jọ ohùn ẹni tó mọ̀ rí. Ó béèrè bóyá wọ́n lè da àwọn obìnrin ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ibí nínú igbá kan ṣoṣo.

Ọ̀gá ní kó ṣe é. Ó ní òfo pọ̀ mọ́ òfo, òfo náà ni.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Olúṣẹ̀yẹ àti nọ́ọ̀sì. Ìlà kò yẹ̀, márùn-ún náà ni. Ẹ̀wà di ogóje, pupa inú rẹ̀ di méjìlélọ́gbọ̀n. Àádọ́rin ni wọ́n ń kà jáde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń wò ó bóyá pupa yóò tó mọ́kànlélógún, iye àwọn tó ń wúkọ́ nínú èéfín ní ìlú méjèèjì. Ọ̀sán mẹ́ta ni wọ́n fi kà á. Ìyá Olúṣẹ̀yẹ kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún, nọ́ọ̀sì ka igi inú ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ọ̀gá gba igbá náà, ó wo ìdí rẹ̀ bíi pé ẹnì kan ti fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún ọgọ́rùn-ún mìíràn kà. Wọ́n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gá jókòó. Kò bínú mọ́, ó jọ ẹni tí nǹkan ṣe ní kàyéfì.

Ó ní, “Níbo ló ti wá? Ìwé méjèèjì ló ní kò sí.”

Wolé-wolé ní, “Ìwé kankan kò sọ pé kò sí, sà. Ohùn wọn ló kéré. Àwa la kọ ‘kò sí’ sí ìdí wọn.”

Ìyá Olúṣẹ̀yẹ ti fẹ́ pàtẹ́wọ́. Wolé-wolé yíjú sí i, ó ní kò sí ohun tó yí padà nínú àyà ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí ó jẹ́ mẹ́sàn-án títí di òní tó jẹ́ mẹ́rin. Ìmọ̀ àwọn ló lé díẹ̀ sí i. Ó ní bí ìwé ìlú kejì bá tilẹ̀ fì sí apá kejì, òun ì bá dà á sínú igbá bákan náà. Obìnrin náà mirí. Ó ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí òun kò fi lọ wá wolé-wolé mìíràn.

Ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ìwé ara ilẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n kan àtíbàbà onípáànù sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ sì ni àwọn ọkùnrin ń lọ fa sìgá wọn. Wọ́n kùn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì mọ́ wọn lára.

Lẹ́yìn èyí ni wolé-wolé gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí abúlé Àwẹ̀ró. Ó bá a níbi tó ti ń hun ẹní lójúde. Ó ṣì ń wúkọ́, ṣùgbọ́n kò tó ti tẹ́lẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àpótí fún un, kò sì jẹ́ kó sinmi tán kó tó béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní ṣé èéfín yẹn ló fún òun níkọ́ ni àbí èéfín kọ́.

Wolé-wolé fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ohun tí obìnrin náà fẹ́ gbọ́ nìyẹn, igbá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rántí yàrá ẹ̀yìn tí kò ní èéfín, níbi tí ẹni mẹ́fà ti ń wúkọ́.

Ó ní, “N kò mọ̀. Igbá lè sọ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò lè sọ ti ẹnì kan. Nínú àwọn méjìlá tó wúkọ́ ní yàrá yín, bóyá mẹ́fà ì bá ti wúkọ́ bí èéfín kò tilẹ̀ sí. Èwo ni ìwọ nínú wọn, n kò lè sọ.”

Àwẹ̀ró fi koríko ẹní sílẹ̀. “Ẹ gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú wá síbí, kí ẹ lè sọ fún mi pé ẹ kò mọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún wá sọ fún ọ pé wọ́n ti kó èéfín kúrò níbẹ̀, bí o bá fẹ́ padà.”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́ mọ́ ọn lọ́fun, ó tún di ẹ̀rín. Ó ní gbogbo ẹni tó ti wá bá òun ló mọ̀. Àǹtí òun mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tá ni. Akọ̀wé ilé ìtẹ̀wé mọ̀ pé ọyẹ́ ni. Oníwàásù mọ̀ pé sìgá àwọn ọkùnrin ni, kò sì tíì wọ ibẹ̀ rí. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ́ni àkọ́kọ́ tí mo lè gbà gbọ́.” Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ nítorí ohun tí o sọ nígbà tí o wọlé. O ní ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ rẹ ń sọ pé ìwà kan tí o ń hù ń pa àwọn lára. O ní o bi wọ́n pé kí ni ẹ̀rí wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí ẹ̀rí tó lágbára mú wá, ọ̀rọ̀ sì tán. Ọ̀rọ̀ kò tán. Pé wọn kò rí i kò túmọ̀ sí pé kò sí. Ohùn ìyàwó rẹ lè kéré, ohùn àkọ́bí rẹ lè kéré, o kò sì tíì da wọ́n pọ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan rí. N kò ní kí o gbà pé o jẹ̀bi. Má sún ààlà nítorí pé wọ́n ń sunkún, má sì fi ààlà bo ojú ara rẹ. Lọ sílé, kí o ṣe ìwádìí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Kí o sì bi ara rẹ léèrè ohun kan lójoojúmọ́ tí o bá fi wà lẹ́nu ìwádìí náà: níwọ̀n ìgbà tí n kò tíì mọ̀, ta ló ń jẹ ìyà àìmọ̀ mi?